Ọdún Mẹ́sàn-án Lábẹ́ Òrùlé Ọkọ̀

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò wínníwínní ń rọ̀ ní Salford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa márùn-ún la wà ní pálọ̀: èmi, Ṣadé, ọmọ mi kan ṣoṣo, Túndé, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, àti bàbá àti ìyá Túndé. Wọ́n wá mọ ilé tí ìyàwó ọmọ wọn ti jáde, wọ́n wá mọ bàbá tó bí i. Mo wọ agbádá tí mo ti fi pamọ́ sínú ọ̀rá láti ìgbà tí mo sin ìyàwó mi. Mo jókòó sí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí baálé ilé máa ń jókòó sí.

Ilé náà kì í ṣe tèmi. Ilé Làmídì ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà. Òun àti ìdílé rẹ̀ ti lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìbàdàn, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ fi ilé náà ṣe.

Ó ní, "Lò ó. Ṣé wọ́n á gbé e lọ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti yọ fọ́tò Làmídì àti tàwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lára ògiri, mo kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi fọ́tò Àdùkẹ́, ìyàwó mi tó ti kú, kọ́ síbi tí fọ́tò ìgbéyàwó Làmídì wà. Fọ́tò tèmi kéré. Ògiri tó yí i ká mọ́ ju èyí tó kù lọ.

Ibi tí mo ń gbé gan-an kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ síbẹ̀. Inú ọkọ̀ ni.

*

Mo dé Manchester pẹ̀lú Àdùkẹ́ àti Ṣadé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo jẹ́ kí n tó jókòó ní kíláàsì kìíní, orúnkún mi ń kan abẹ́ tábìlì, àwọn ọmọ kéékèèké ń pè mí ní bàbá. Látìgbà náà ni mo ti ń pẹ́ dé ibi gbogbo. Mo pẹ́ kí n tó gba ìwé ẹ̀rí, mo pẹ́ kí n tó fẹ́yàwó, mo sì pẹ́ kí n tó dé òkè òkun.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ìrànwú ni mo wá kọ́ ní polytechnic. Nígbà tí mo fi máa kà á tán, àwọn ilé iṣẹ́ òwú tó wà ní Rochdale, nítòsí ibẹ̀, ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí iṣẹ́ nínú ọ̀kan tí wọn ò tíì tì. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo kà nínú ìwé. Mo ń gbá òwú tó bá já bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Rárá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́, mo kí ọ̀gá mi ní "good morning". Ó dáhùn. Mo dúró kó bi mí pé ará ilé ńkọ́, ṣé mo sùn dáadáa. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti lọ. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó na ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bọ̀ ọ́.

Ní ìgbà òtútù kẹta, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Àdùkẹ́. Àárọ̀ ló dìde láti sebẹ̀, ó sì ṣubú sídìí sítóòfù. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ọmọ àwọn kò ní sùn sínú ilẹ̀ dídì láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Owó tí a ti ń kó jọ láti fi ra ilé bá pósí wọ bàálù.

Lẹ́yìn ìyẹn, onílé tí a háyà ilé lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ ta ilé. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ní ọkọ̀ kan tó ti gbó. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ibùsùn, sítóòfù, àti ilé ìtọ̀ sínú rẹ̀ ni, tí wọ́n ń pè ní motorhome. Ó tà á fún mi.

Mo sọ fún Ṣadé pé, "Ọdún méjì péré."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni òun náà nígbà náà. Ó wọ inú rẹ̀, ó wò yí ká. Kò pẹ́ kó tó wò ó tán.

*

Ẹni tó bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì létí òkun yóò ní ó dùn. Kò tíì mọ nǹkan kan.

Èémí ènìyàn méjì tó sùn sínú rẹ̀ yóò di omi kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò máa kán láti òrùlé sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Aṣọ tó bá kan ògiri yóò hu funfun-funfun, yóò máa rùn. Tí òtútù bá le, omi inú táǹkì yóò dì, ènìyàn yóò sì fi ìgò omi sùn sábẹ́ aṣọ kó lè rí nǹkan bọ́jú láàárọ̀. Gáàsì kì í tán àfi tí ìrẹsì bá jinná dé ìdajì. Àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀ tí o ní láti fi ọwọ́ ara rẹ gbé jáde, kí o máa wá ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kí o dà á nù. Òrùlé á máa jò níbì kan, o ó dí i, á tún máa jò níbòmíràn. Tí o bá lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yóò béèrè àdírẹ́sì. Tí o bá sọ fún un, yóò gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Omi ló sì kọ́kọ́ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Garawa ni mo fi ń gbé gbogbo èyí tí a ń lò. Nítorí náà mo máa ń ṣí ẹ̀rọ omi bí òwú, mo máa ń bu ìdajì ife, mo sì máa ń tì í pa, kí n tún padà fọwọ́ kàn án bóyá ó tì.

Òrùlé ló kọ́ mi ní èkejì. Mo ga. Òrùlé ọkọ̀ náà fi ìwọ̀nba ìka kan kúrú jù mí lọ. Ní oṣù àkọ́kọ́ mo forí gbá ẹnu ọ̀nà títí iwájú orí mi fi wú. Lẹ́yìn náà, mi ò gbá a mọ́. Mo rò pé ó ti mọ́ mi lára ni, mo sì dúpẹ́.

A máa ń páàkì kiri nígbà yẹn. Àwọn ènìyàn máa ń fi ìwé há iwájú gíláàsì wa pé kí a kúrò ní àdúgbò àwọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ òwú náà tì, mo rí Frank ní Salford, òyìnbó kan tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ó fún mi ní igun kan nínú ọgbà rẹ̀, èmi náà á máa ṣí géètì fún un láàárọ̀, n óò sì máa bá a fọ àwọn ọkọ̀. Láti fèrèsé mi, mo ń rí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí nígbà kan rí. Wọ́n ń kọ́ fúláàtì onígíláàsì síbẹ̀.

Frank ní, "Ó ku díẹ̀ kí ìwọ àti àwọn olówó máa juwọ́ síra yín."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Òun rẹ́rìn-ín fún àwa méjèèjì.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń lọ pe ilé nínú àgọ́ fóònù tó wà ní kọ̀rọ̀ títì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Bísí, á ti jókòó nílé oníkẹ́mísì tó ní fóònù ní ìlú wa, á máa dúró dè mí. Mo rántí ọ̀kan nínú àwọn ìpè yẹn, nítorí Ṣadé bá mi lọ. Kò tíì pé ọdún kan tí a wọ inú ọkọ̀ náà.

"Bàbá Ṣadé! Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ńkọ́?"

"Ó wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Níbo lo ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí?"

Mo wo gíláàsì àgọ́ náà. Ẹnì kan ti fọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, òjò ń wọlé sí mi ní bàtà.

"Pálọ̀ ni."

"O ṣeun o! Mo ti sọ fún ìyàwó pásítọ̀ pé ilé yín ní yàrá mẹ́rin."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ mẹ́rin."

"Tó bá sì jẹ́ mẹ́ta, ẹnu tèmi ni mo fi bù kún un. Ṣé ẹnu tìẹ ló dùn ọ́ ni? Fún ọmọ mi ní fóònù."

Mo fún Ṣadé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú àgọ́ tóóró yẹn, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó kí i.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Òkè ni yàrá tèmi wà, mà. Mò ń rí igi láti ojú fèrèsé."

Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó dá fóònù padà fún mi, kò sì wo ojú mi.

*

Mi ò fẹ́ sọ pé kò sí ohun rere kankan. Orí tábìlì kékeré tí a ń ká mọ́ ògiri ni Ṣadé ti kàwé yege. Inú ibi ìwẹ̀ ni a ń fi aṣọ ilé ìwé rẹ̀ kọ́ sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni òórùn kò ti ń bá a. Nígbà tó pé ọdún méjìdínlógún, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fún un ní yàrá. Ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, mo dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi ta mí.

Àmọ́ ọdún méjì ti di mẹ́sàn-án. Ṣadé máa ń wá kí mi, a sì máa ń pàdé nílé oúnjẹ. Bí ó bá pọn dandan kó wá sínú ọgbà Frank, kì í jókòó.

Kò jókòó lọ́jọ́ tó mú ọ̀rọ̀ Túndé wá.

"Daddy, àwọn òbí Túndé fẹ́ wá kí yín."

"Kí wọ́n máa bọ̀."

"Níbo?"

Mi ò tíì dáhùn tó fi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mo ti sọ fún Túndé pé ẹ ní ilé sí Salford."

"Ìgbà wo lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tipẹ́. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ti wà níbí kí wọ́n tó bí Túndé. Ṣé kí n ní inú van ni bàbá mi ń gbé?"

"Ṣé irọ́ ni?"

"Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti sọ òótọ́ fún Ìyá Bísí rí?"

Mo wo ọwọ́ mi. 

"Ṣé a ò lè gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mo ti bi wọ́n. Ìyá Túndé ní a kì í tọrọ ọmọ ní ìta. Ilé bàbá ìyàwó làwọn fẹ́ wá." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ kan péré ni. Ẹ bá mi ṣe é."

Bí mo ṣe lọ bá Làmídì nìyẹn.

*

Ní pálọ̀ Làmídì, gbogbo nǹkan kọ́kọ́ ń lọ déédéé. Túndé dọ̀bálẹ̀. A kí ara wa kú òjò, kú iṣẹ́, kú àjò. Bàbá Túndé wo àjà ilé, ó ní ó ga, ó ní wọn kì í kọ́ irú rẹ̀ mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Túndé ní, "Ẹ fún àlejò lómi o. Ẹnu ti gbẹ."

Ṣadé dìde. Ó wo ilẹ̀kùn mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀, mo sì rí i pé kò mọ èyí tó jẹ́ ti kíṣìnì. Mo yára dìde, mo ní, "Jókòó, ìwọ náà ti di àlejò lónìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo wọ kíṣìnì. Mo bu omi wá, mo gbé e fún Ìyá Túndé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó wo inú ife.

"Bàbá Ṣadé, ṣé omi wọ́n ní Salford ni?"

Ìdajì ife ni. Túndé fi ẹ̀rín pamọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gba ife náà, mo padà lọ. Nígbà tí mo gbé e wá, ìdajì náà ni. Mo fi ọmọ mi búra, mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ló ti ẹ̀rọ omi pa.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Túndé gba ife náà, kò mu ún.

Bàbá Túndé béèrè pé, "Ọdún mélòó lẹ ti ń gbé ibí?"

"Ọdún mẹ́sàn-án."

Ìyá Túndé wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bi ọmọdé léèrè. "Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ sì ń tẹ orí ba fún ẹnu ọ̀nà tó ga tó báyìí? Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ kọjá níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ tẹ orí ba."

Mo wo ẹnu ọ̀nà náà. Mo lè dé fìlà gíga gba ibẹ̀ kó má kan àtẹ́rígbà rẹ̀.

Ó dìde, ó lọ síwájú fọ́tò Àdùkẹ́. "Ìyá Ṣadé nìyí? Ó mà jọ ọmọ rẹ̀ o." Ó fi ìka tọ́ ibi tó mọ́ lára ògiri. "Fọ́tò ta ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

Ṣadé ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Mo mọ irọ́ tó yẹ kí n pa. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ojú Àdùkẹ́ ni mo ní láti wò kí n tó pa á.

Bàbá Túndé ní, "Ta ló ni ilé yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ilé tiyín ńkọ́?"

"Mi ò ní ilé. Inú ọkọ̀ ni mo ń gbé."

Túndé yíjú sí Ṣadé. "Ṣadé?" 

Bàbá Túndé gbé fìlà rẹ̀. "Kì í ṣe nítorí ọkọ̀. Èmi náà ti gbé yàrá kan pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta nílùú yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ la wá tọrọ, irọ́ lẹ gbé fún wa jókòó lé lórí. Ìyá Túndé, dìde, ká máa lọ."

Ìyá Túndé ti wà lórí ìdúró. Ó gbé ife omi náà, ó mu ún tán, ó sì gbé e sílẹ̀. Túndé tẹ̀ lé wọn. Iṣu àti èso tí wọ́n gbé wá wà nínú búùtù mọ́tò wọn. Wọn ò já a.

*

Ṣadé fọ ife. Èmi kó àwọn fọ́tò Làmídì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A jọ gbé wọn kọ́ padà, òun ń mú un ṣinṣin, èmi ń wá ìṣó. Ó ti pẹ́ gan-an tí a ti jọ ṣe nǹkan kan kẹ́yìn.

Ó ní, "Gbogbo ohun tí mo sọ fún yín pátá lẹ ṣe. Kí ló dé tí ẹ ò lè gbé orí yín sókè?"

"Mi ò mọ̀ pé mò ń tẹ̀ ẹ́ ba."

Ó sunkún nígbà náà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ tó ti dàgbà lẹ́kún. Mo dúró tì í.

Nígbà tó lọ tán, mo rìn padà sí ọgbà Frank, mo ká agbádá mi sínú ọ̀rá rẹ̀ kí òjò má bàa pa á. Mo máa ń rò pé àlejò ni mo jẹ́ nílùú yìí, pé ilé wà níbì kan tó ń dúró dè mí. Ìyá Bísí ti sọ fún wọn nílé pé mo ní yàrá mẹ́rin. Bí mo bá padà, n kò ní lè wọ ìlú pẹ̀lú báàgì kan. Ẹni tí wọ́n ń retí níbẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Níbí, ará ibí ni mí tó bẹ́ẹ̀ tí egungun ọrùn mi fi ti tẹ̀ síbi tí wọ́n gbé mi sí. Ìyẹn nìkan ni mo ní láti fi hàn. Ọmọ mi sì ti kọ́ irọ́ lọ́wọ́ mi nínú àgọ́ fóònù, bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá wọn.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lọ pe ilé. Mo ṣí géètì. Mo yọ bíríkì kúrò nídìí táyà. Mo ti gáàsì pa, mo fi okùn so ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ́ńjìnnì náà kò tíì ṣiṣẹ́ láti ìgbà òtútù. Mo gbé bátìrì Frank wá, ẹ́ńjìnnì náà kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà. Mo gbàgbé láti di àwọn àwo Àdùkẹ́. Ní kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo gbọ́ tí wọ́n fọ́.

Ní ìlú wa, bàbá ọmọbìnrin kì í gbé ẹsẹ̀ lọ sílé àwọn ọkọ kí wọ́n tó wá dána. Wọ́n á ní ọmọ ti sú u. Mo mọ èyí dáadáa. Mo wakọ̀ lọ sílé àwọn òbí Túndé.

Àdúgbò wọn ní igi púpọ̀. Ẹ̀ka ń ha òrùlé mi. Mo dúró síwájú géètì wọn bí wọ́n ṣe ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Túndé mú Bíbélì lábẹ́ apá.

"Kí lèyí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo kí wọn. Mo ní, "Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ilé mi, sà. Òun nìyí."

"Bàbá Ṣadé, ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló kàn báyìí."

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Irọ́ tí ọmọ mi pa, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ti ń pa á fún ẹ̀gbọ́n mi láti ọdún mẹ́sàn-án. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, kó má jẹ́ nítorí tèmi. Ohun tó kù tí mo ní láti sọ nìyẹn."

Ó wo ọkọ̀ náà, láti táyà dé òrùlé tí mo fi ọ̀dà dí. Ó dúró síbi tó wà, kò sún mọ́ ọn.

Ìyá Túndé gbé báàgì rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó rìn wá. Gèlè rẹ̀ ga. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ náà, ó fi ojú wọn òkè rẹ̀, ó wá tẹ orí ba dáadáa, ó sì wọlé. Ó yẹra fún àfọ́kù àwo nílẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì tí Ṣadé ti kàwé.

Ó ní, "Ẹ fún mi lómi."

Omi tó kù nínú táǹkì kò pọ̀. Mo mú ife, mo ṣí ẹ̀rọ, mo sì jẹ́ kó máa dà títí ó fi kún dé etí.